Àmì Pupa Mẹ́rin Inú Àpótí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kò sí olè tó lè fọgbọ́n jù yín, ẹ fà mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn olè ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kí n tó parí rẹ̀, ẹ ó ti máa wá ibi tí ẹ ó gbójú yín sí. Mo ṣèlérí nǹkan kan fún yín: gbogbo ohun tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ inú ìtàn yìí fojú rí ni èmi náà yóò fi hàn yín, n kò ní fi ọ̀kankan pamọ́ sábẹ́ ẹní. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kó tó mọ̀ ọ́n, ẹ kí ara yín kú iṣẹ́.

Àpótí dúdú kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ kan, gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n sì so páálí pélébé kan mọ́ ọn, wọ́n kọ "Ẹ̀rí" sí i lára. Obìnrin tó jókòó tì í ni gbogbo àgọ́ ń pè ní Awòfín. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Lórí okùn ni awò ojú rẹ̀ máa ń wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá ti gbé e sójú báyìí, ọ̀daràn tó bá mọ̀ ọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Sájẹ́ǹtì, bá mi ka ẹ̀sùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Màámi, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí o." Ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ ni Sájẹ́ǹtì, ebi sì ti ń pa á láti ìgbà tó ti jí. "Aránṣọ kan ló pẹjọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló kú lóṣù méjì sẹ́yìn, àìsàn ọkàn. Kó tó kú, òun àti bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà yìí jọ nínú ilé, èyí tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá gbé e fún oníkọ̀ǹpútà tó ta àwọn ẹ̀yà rẹ̀ fún wọn, pé kó bá òun fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti padà délé, bí wọ́n bá tàn án tí géèmù bẹ̀rẹ̀, kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi máa ń kú pii."

"Ta ló sọ pé wọ́n jí nǹkan nínú rẹ̀?"

"Ẹlòmíì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní wọ́n ti yọ ọpọlọ rẹ̀, ègé kékeré tó ń bá a ṣírò, wọ́n fi yẹpẹrẹ rọ́pò. Ìwé tí wọ́n fi rà á sọ bí ọpọlọ náà ṣe ń sáré tó. Ohun tó ń hàn lójú ẹ̀rọ báyìí, ìdajì rẹ̀ ni. Oníkọ̀ǹpútà nìkan ló sì dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó wà ní àtìmọ́lé lẹ́yìn ilé, ọ̀la la ó gbé e lọ síwájú adájọ́. Ọ̀rọ̀ ti parí, Màámi. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

"Ìwọ àti ikùn rẹ. Gbé tọ́ọ̀ṣì wá."

Awòfín tan iná sínú àpótí náà. Ó rí bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo nǹkan dúró lé. Ó rí káàdì gígùn tó ń ya àwòrán géèmù, ó rí àwọn wáyà tí ẹnì kan fi òwú ìránṣọ dì ní ẹyọ-ẹyọ, bí irun tí wọ́n fara balẹ̀ dì. Láàárín gbùngbùn, irin gíga kan tó ní fáànù níwájú jókòó lé ọpọlọ ẹ̀rọ náà lórí, òun ló ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Súkúrù mẹ́rin ló dè é mọ́lẹ̀. Nǹkan pupa kan sì kán sórí súkúrù kọ̀ọ̀kan, ó ti gbẹ.

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ni?" Sájẹ́ǹtì fà sẹ́yìn.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í dán báyẹn." Awòfín gbé awò sójú. Lára ọ̀kan nínú àmì pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rí àwọn ìlà tíntìntín tó gbabẹ̀ kọjá, wúruwùru, bí ibi tí adìẹ ti ha ilẹ̀.

"Ibẹ̀ ló ti tú u!" ni Sájẹ́ǹtì wí, tó pàtẹ́wọ́. "Súkúdíráfà rẹ̀ ló yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́."

Awòfín ń ka àmì pupa náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Oníkọ̀ǹpútà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó káwọ́ lérí lórí bẹ́ǹṣì nínú àtìmọ́lé, aṣọ ọjọ́ márùn-ún ló wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ kanlẹ̀ láti kí Awòfín, ìyá náà wo ọwọ́ rẹ̀: ọwọ́ ńlá, ìka tó ki pọ́pọ́, síbẹ̀ kò sí ojú ọgbẹ́ kan níbẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o tú irin onífáànù yẹn?"

"Rárá, mà. Afẹ́fẹ́ ni mo fi fẹ́ eruku rẹ̀. Bàbá ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan míì."

"Kí lo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe? Ṣé eruku inú rẹ̀ tó ti oko ni?"

Ó wolẹ̀. "Ọjọ́ kìíní ni mo ti ṣe é tán. N kò kàn lè dá a padà ni, mà. Mo máa ń jókòó tì í, màá máa sunkún. Ẹ ò mọ ọmọ yẹn. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìwé tó kọ nǹkan sí, n ó ti mọ̀ pé mo wọ gàù. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, àpótí kọ́ ló ń gbá géèmù, ẹ fún mi ní àlòkù. Ibi tówó gbọ́dọ̀ lọ ni káàdì tó ń ya àwòrán.' Ojú ẹ̀rọ, àlòkù. Ọpọlọ, àlòkù tó ṣì le dáadáa. Páwà tó ń gbé iná wọlé nìkan ló ní òun ò gba àlòkù rẹ̀, pé òun ò fẹ́ jó ilé mọ́ bàbá òun lórí. Ẹni tó ná ìlọ́po méjì owó ẹ̀ ò ní ẹ̀rọ tó dára tó bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó padà wá lẹ́yìn tí wọ́n tò ó tán?"

"Kò wá. Ó pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó bi mí pé kí ló lè mú kí ọpọlọ ẹ̀rọ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kó gbé e wá kí n tú u wò. Ó ní rárá, pé ọmọṣẹ́ òun á gbọ́ sí i."

"Ọmọṣẹ́ wo?"

"N kò mọ̀, mà. Mo rò pé ó lẹ́ni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó di irin ilẹ̀kùn mú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá fi lè pè mí lólè níwájú adájọ́ lọ́la, ta ni yóò tún gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́? Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyí."

Wọn ò tíì dé ìta tí Sájẹ́ǹtì fi ń fò sókè. "Ọmọṣẹ́! Ẹnìkẹta wà nínú ọ̀rọ̀ yìí! Ó wọlé, ó mọ inú ẹ̀rọ, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n tú u. Màámi, òun gan-an lolè!"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbé àpótí yẹn, jẹ́ ká lọ wá a."

"Èmi ni kí n gbé e?"

"Ṣé èmi tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì ni?"

Yàrá iwájú ilé ni aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, àpò ńlá kan tó kún fún àjákù aṣọ fara ti ògiri, tábìlì kan sì wà ní kọ̀rọ̀ tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ojú ẹ̀rọ tó dúdú. Ọkùnrin náà fi okùn ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ kankan níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ara fẹ́ra kù," ni Awòfín kí i. "Ọlọ́run má jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́."

"Àmín. Ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

"Ìbéèrè kan ló gbé mi wá. Ọmọṣẹ́ kan wà tó ń bá ọmọ yín to ẹ̀rọ yìí. Ta ni?"

Aránṣọ wò ó.

"Èmi ni."

Sájẹ́ǹtì rọra gbé àpótí sílẹ̀, ó sì wo ilẹ̀.

"Ó ní mo ti ń jẹ́ ọ̀gá fún ọgbọ̀n ọdún, kí n wá fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ọmọṣẹ́. 'Ọmọṣẹ́, mú iná wá. Ọmọṣẹ́, má mí sí i, eruku á wọ̀ ọ́.' Ìyá rẹ̀ ń pariwo pé ta ló ń fi 'ìwọ' pe bàbá rẹ̀. Èmi ń sọ pé, 'Mo ti gbọ́, Ọ̀gá mi.'" Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí okùn ìwọnṣọ. "Nǹkan kan ṣoṣo ni mo dá ṣe níbẹ̀: irin onífáànù yẹn. Ó fẹ́ agbára, ọwọ́ rẹ̀ ò sì lágbára mọ́ nígbà yẹn. Ó fẹ́ lọ sinmi, ó ní kí n dúró de òun. N kò dúró. Mo fẹ́ kó jí kó bá a pé ọmọṣẹ́ òun ti mọṣẹ́."

"Nǹkan pupa orí súkúrù ńkọ́?"

Aránṣọ nawọ́ sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Gbogbo súkúrù ara rẹ̀ ló ní àmì pupa. "Ọ̀dà èékánná ìyàwó mi ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń gbọ̀n, súkúrù rẹ̀ a sì máa tú. Bí mo bá dè é tán, mo máa ń kán ọ̀dà sí i, kí apá kan wà lórí súkúrù, kí apá kan wà lára irin. Ẹni tó bá yí i díẹ̀ báyìí, ọ̀dà á fọ́, n ó sì mọ̀. Bí mo ṣe máa ń mú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe sí tirẹ̀ náà."

Awòfín ṣí gíláàsì àpótí náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́bí. Ẹ wo ọ̀dà yín."

Ọkùnrin náà tẹ̀ ba. Ó wò ó pẹ́.

"Èwo ló fọ́ níbẹ̀?"

"Kò... kò sí."

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Kò sẹ́ni tó lè yọ ọpọlọ abẹ́ rẹ̀ láìtú irin yìí, kò sì sẹ́ni tó tú irin yìí láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dè é. Ọmọ tó wà látìmọ́lé ò jí nǹkan kan."

"Ìlà yẹn ńkọ́, Màámi?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

"Ó ha ojú ọ̀dà ni, kò yí súkúrù. Ẹni tó ṣe é gbìyànjú, ó gbìyànjú, kò rí i ṣe. Ìwọ náà rí ọwọ́ oníkọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò yí i."

Ara aránṣọ gbóná. "Ṣé mo wá purọ́ ni? Ìwé ní bí ọpọlọ ṣe ń sáré tó nìyí, ojú ẹ̀rọ ní ìdajì ni! Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi ń rí fún yín. Nínú géèmù tọ́mọ mi fẹ́ràn yẹn, ìlú kan ló ń kọ́. Ó ku ilé kan ṣoṣo. Mo fẹ́ bá a parí rẹ̀, ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn, n kò fẹ́ nǹkan míì láyé ńbí. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Bí mo bá ti wọlé, tí mo rí àwọn òpópónà tó là, ẹ̀rọ á kú. Bíi pé ojú mi lọmọ mi tún ń kú sí ni, lójoojúmọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ariwo, ó jáde láti yàrá. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, èékánná rẹ̀ kò ní ọ̀dà kankan mọ́. Awòfín ní kó jókòó.

"Màmá, nígbà tí ọmọ yín wà láyé, ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́?"

"Rárá o. Á gbá a títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú."

"Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń fi í sí, àfìgbà tó kú tí bàbá rẹ̀ dá a padà sára rẹ̀, pé kó lè gún régé. Fáànù ilé wa gan-an, ẹ̀rọ yẹn ló máa ń kọjú rẹ̀ sí. Nígbà ooru, àwa ń làágùn, ẹ̀rọ ń gba atẹ́gùn. Mo ní ṣé ìyẹn lọmọ tó bí fún wa ni?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbé fáànù náà wọ yàrá. N kò lè máa gbọ́ ìró rẹ̀ níbẹ̀ yẹn mọ́."

Awòfín mi kanlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti dé ibi tó ń lọ, kò sì wù ú láti débẹ̀.

"Ọmọ yín mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń gbóná, nígbà náà. Ó ṣí i sílẹ̀, ó fi fáànù fẹ́ ẹ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì kó má bàa gbóná jù. Ìdajì tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ nìyẹn, gíláàsì tẹ́ ẹ dá padà àti fáànù tẹ́ ẹ gbé kúrò ló sì ń jẹ́ kó máa kú báyìí. Màmá, ṣé ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín rí?"

"Kò sọ ìdí kankan." Obìnrin náà ronú. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì tí wọ́n tò ó tán, bàbá rẹ̀ lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Mo bá ọmọ yìí lórí ilẹ̀ níbí, ó ti da àpò àjákù bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kì í sọ nǹkan nù, gbogbo ọ̀rá tí wọ́n bọ́ lára àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ, inú àpò yẹn ló kó wọn sí. Ó ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí lò ń wá? Ó ní ọ̀rá kékeré kan ni kò sí níbẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, 'Màmá, ẹ má sọ fún Ọmọṣẹ́ mi o.' Mo ní kí ni kí n má sọ? Ó ní kí n ṣáà má sọ."

Gbogbo ojú yí sí àpò tó fara ti ògiri.

Awòfín fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ ti àpò náà. Ó kó àjákù aṣọ sápá kan, ó kó ọ̀rá sápá kan: ti bọ́ọ̀dù, ti káàdì, ti páwà, ti gíláàsì. Ó rí páálí tí irin onífáànù bá wá, ó sì fa ìwé pélébé kan yọ nínú rẹ̀. Àwòrán lásán ló kún ibẹ̀. Ní àwòrán kìíní, ọwọ́ kan ń bọ́ ọ̀rá tín-ín-rín kúrò nídìí irin náà, kó tó di pé wọ́n gbé e lé ọpọlọ lórí.

Ó na ìwé náà sí aránṣọ.

Ọkùnrin náà wò ó. Ó dìde, ó mú súkúdíráfà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ba níwájú àpótí. Ọ̀dà pupa kìíní fọ́, kẹ̀ẹ́, ìkejì, ìkẹta. Ìkẹrin, èyí tó ní ìlà wúruwùru lára, ó dúró lé e lórí díẹ̀ kó tó yí i. Ó gbé irin náà sókè.

Ọ̀rá náà wà níbẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí irin fa ooru ọpọlọ. Kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, ó mọ́ gaara, ìpara funfun tó yẹ kó so irin pọ̀ mọ́ ọpọlọ ti gan mọ́ ojú rẹ̀ kan. Irin tó wà lókè rẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

"Ó mọ̀," ni aránṣọ wí.

"Láti ọjọ́ kejì. Ó fẹ́ dá a tú kẹ́ ẹ tó dé, ibi tí ìlà wọ̀nyẹn ti wá nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ò ká a. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá a tú u nínú ilé yìí, bí ẹ bá sì tú u, ẹ ó rí i."

"Oṣù mẹ́fà." Ó ń bá ọ̀rá náà sọ̀rọ̀. "Oṣù mẹ́fà ló fi gbá géèmù pẹ̀lú ìdajì ẹ̀rọ. Gbogbo ìgbà tó bá tàn án, á yíjú sí mi lórí máṣíìnì, á ní, 'Ọmọṣẹ́, iṣẹ́ rẹ mà dára o.' Inú mi á dùn bí ọmọdé."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. "Bí mo bá ti sọ..."

"Àṣírí ọmọ yín lẹ pa mọ́, Màmá," ni Awòfín dá a lóhùn. "Ẹ ò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni."

Aránṣọ fa dúróà tábìlì rẹ̀. Ó mú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ó ṣí i síbi tí ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ wà, ìlà kan lábẹ́ òmíràn láti kékeré, títí dé èyí tó kọ kẹ́yìn níbi tí èjìká rẹ̀ ti ń dín kù dípò kó máa pọ̀ sí i. Ó nu ọ̀rá náà, ó fi í sáàárín, ó pa ìwé náà dé. Ó wá wọ bàtà.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

"Àgọ́ yín. Mo ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé."

Ojú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́ níbẹ̀. Kò dín ohùn kù. "Kò jalè. Èmi ni mo ṣe é." Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún oníkọ̀ǹpútà, ọmọ tó kéré sí i ní ìlọ́po méjì, ìyẹn sáré dì í mú. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, Sájẹ́ǹtì sì lọ bá ògiri sọ̀rọ̀, ó ní kòkòrò wọ òun lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n jọ padà sílé. Oníkọ̀ǹpútà nu ìpara tó ti gbẹ, ó fi tuntun sí i, ó de irin náà, ó dá eré ọpọlọ padà sí bó ṣe wà nínú ìwé. Wọ́n tàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, wákàtí kan kọjá. Ara rẹ̀ tutù láìsí fáànù ilé. Ìlú ọmọbìnrin náà yọ, àwọn òpópónà rẹ̀, àwọn igi tó tò sétí odò, àti ilẹ̀ kékeré kan tó ṣófo láàárín.

Aránṣọ gbé ìka lé bọ́tìnnì. Ó gbé e kúrò.

"Ẹ parí rẹ̀, bàbá," ni oníkọ̀ǹpútà wí.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bó bá parí, kí ni màá tún máa bá a ṣe?"

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyí. Oníkọ̀ǹpútà yẹn gan-an ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí mo lọ gba ẹ̀rọ tó tò fún mi. Ohun tí kò ṣojú rẹ̀ níbẹ̀, aránṣọ ló sọ ọ́ fún un. Mo rí nǹkan pupa lórí súkúrù mẹ́rin nínú tèmi, mo bi í pé ẹ̀jẹ̀ ni bí. Ó jókòó, ó ní kí n jókòó. Ìgò ọ̀dà èékánná kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó ti ń tán lọ. Ó ní bàbá kan tó ń ránṣọ ló fún òun.